Aláǹgbá inú ògiri: ohun tí "bí… bá…" sọ àti ohun tí kò sọ

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nídìí ìjà ẹbí la ti sábà máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn àgbà bá ń wá ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ẹ jẹ́ ká gbé ti ìjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ bá mi mú òwe náà bó ṣe wà lẹ́nu gan-an: ògiri ni ògiri, aláǹgbá ni aláǹgbá.

Ẹ jókòó síta lọ́sàn-án, ẹ rí aláǹgbá kan tó yọrí láti inú ògiri. Ṣé ògiri yẹn lanu? Ó lanu. Ẹ ò tíì dìde, ẹ ò tíì fojú kan ihò kankan, síbẹ̀ ẹ lè sọ̀yà pé ihò wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rí ògiri mìíràn tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé aláǹgbá wà nínú ẹ̀? Ìyẹn ò ṣeé mọ̀. Ó lè wà, ó sì lè má sí. Òwe yẹn ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo ògiri tó bá ti lanu ni aláǹgbá máa kó wọ̀.

Ẹni tó bá ti rí ìyàtọ̀ ìbéèrè méjèèjì yìí ti rí èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nílé ẹ̀kọ́, gbólóhùn kání ni olùkọ́ Yorùbá máa ń pe irú gbólóhùn báyìí, èyí tó ní "bí… bá…" tàbí "tí… bá…" nínú. Ó lápá méjì. Ẹ jẹ́ kí n pe apá tó tẹ̀ lé "bí" ní ọ̀rọ̀ iwájú, kí n sì pe apá tó kù ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìbéèrè méjì ni gbólóhùn náà máa ń dáhùn, ó sì máa ń dákẹ́ sí méjì. Níbi tó ti dákẹ́ gan-an ni àwa ti máa ń gbọ́ ohùn.

Ẹ gbọ́ èyí: bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àgbàlá wa á tutù láàárọ̀. Ká gbà pé òótọ́ ni, torí àgbàlá wa ò ní òrùlé. Bí òjò bá ti rọ̀ lóru àná, a lè sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé àgbàlá tutù. Ìyẹn ò le. Bí a bá sì jí, tí àgbàlá gbẹ táútáú, a mọ̀ pé òjò ò rọ̀, torí ká ní ó rọ̀ ni, ilẹ̀ ì bá tutù. Ọ̀nà méjì tó dájú nìyẹn: ẹ fi ọwọ́ mú ọ̀rọ̀ iwájú, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn; ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ò sí, ọ̀rọ̀ iwájú náà ò sí nìyẹn.

Àwọn méjì tó kù ni kòtò. A jí, ilẹ̀ tutù, a ní "áà, òjò rọ̀." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó lè jẹ́ táǹkì ló kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé onílé fọ mọ́tò rẹ̀ kó tó jáde. Tàbí kẹ̀, òjò ò rọ̀, a wá ní kò sí bí ilẹ̀ ṣe máa tutù. Táǹkì náà ló tún máa dá wa lóhùn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ṣe ètò yìí. Chrysippus, onímọ̀ Gíríìkì tó kọ́ni ní ìlú Áténì, tó sì kú ní nǹkan bí ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù, ti to àwọn ọ̀nà tó dájú wọ̀nyí kalẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tiẹ̀ dárúkọ òjò tàbí ilẹ̀. Bí èkíní bá rí bẹ́ẹ̀, èkejì rí bẹ́ẹ̀. Èkíní rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà èkejì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó tún sọ̀rọ̀ nípa ajá ọdẹ kan tó ń lé ẹran, tó dé oríta tó pín sí mẹ́ta. Ajá gbóòórùn ọ̀nà kan, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbóòórùn ìkejì, kò gbọ́ nǹkan. Kò wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ kó tó ki eré mọ́lẹ̀ gba ọ̀nà kẹta. Mi ò mọ̀ bóyá ajá ronú o, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ wa ò ní jiyàn.

Àwa náà ń ṣe é láìmọ orúkọ tí à ń pè é. Wọ́n ní tí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tí wọ́n bá wá fi obìnrin kan hàn yín pé Kúmólú lorúkọ rẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ béèrè? "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹ ti pa òwe náà dà lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkàn yín: ó ń jẹ́ Kúmólú, nítorí náà ó nídìí. Ọ̀nà kejì tó dájú ni, èyí tí ilẹ̀ gbígbẹ fi sọ fún wa pé òjò ò rọ̀. Kò sì sí ẹni tí mo rí rí tó gbọ́ pé ìdí kan wà ní ilé kan, tó wá sọ pé ó ní láti jẹ́ pé obìnrin ibẹ̀ ń jẹ́ Kúmólú.

Kí ló wá dé tí ẹni tó fi òwe ronú dáadáa báyìí fi ń ṣubú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ojoojúmọ́? Èdè fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ìyá sọ fún ọmọ pé, "Bó o bá fọ abọ́ yẹn, màá fún ẹ lẹ́ran." Ọmọ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́jíìkì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọ̀nà ìrònú tó dájú. Ó ti gbọ́ pé bí òun ò bá fọ abọ́, kò sí ẹran. Ìyá ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn, ọmọ sì gbọ́ ọ yé. Ní 1971, àwọn onímọ̀ èdè méjì ní Amẹ́ríkà, Michael Geis àti Arnold Zwicky, ṣàlàyé àṣà yìí: gbólóhùn náà ń pe olùgbọ́ pé kó wá fi kún un fúnra rẹ̀. Nínú ilé, kò burú. Bí a bá gbé àṣà ìdí abọ́ dé ọ́fíìsì dókítà tàbí inú ìwé òfin ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ibà. Bí ibà bá mú èèyàn, ara rẹ̀ á gbóná. Ara Sọlá gbóná. Ibà ti mú Sọlá, ẹ lọ ra oògùn ibà wá. Àwa Yorùbá tún wá ní ìṣòro tiwa lórí èyí, torí ọ̀rọ̀ kan náà, "ibà", la fi ń pe ara gbígbóná, òun náà la fi ń pe àrùn tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ọ̀rọ̀ iwájú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń jẹ́ orúkọ kan náà! Bẹ́ẹ̀, táífọ́ọ̀dù ń mú ara gbóná, àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró ń mú ara gbóná, ibà Lassa náà, ara gbígbóná ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ láti 2010 pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní ibà wò ná kí wọ́n tó fún un ní oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kíńkín láti orí ìka ti tó. Bí ẹ bá tún wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn pàápàá ò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́: àgbàlagbà tó ti ń gbé láàárín ẹ̀fọn láti kékeré lè ní kòkòrò ibà lẹ́jẹ̀, kí ara rẹ̀ sì tutù bí omi àmù.

Òwe tí wọ́n máa ń fi gbe irú ìrònú báyìí lẹ́sẹ̀ ni pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wá "bí… bá…" kan nínú rẹ̀ tó so igbe àjẹ́ mọ́ ikú ọmọ, ẹ ò ní rí i. Ìbéèrè ni wọ́n fi dí ẹnu ẹlẹ́rìí.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi. Ilé kan tí mo gbé rí kọjú sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan, tó ní gílóòbù ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ti tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù yẹn ni mo máa ń wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti mú iná dé. Bí iná bá dé, gílóòbù alágbàfọ̀ á tàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo yọjú lójú fèrèsé, kò tàn. Nítorí náà, iná ò tíì dé. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, epo ń jó lọ. Láti aago méje títí di aago mẹ́sàn-án kọjá ni mo fi ń yọjú, tí mo ń padà, kí ọmọkùnrin kan láti ilé kejì tó kígbe sí mi pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé iná ti dé ni?" Gílóòbù ló ti jó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìrònú mi ò ní àléébù kankan o! Ọ̀nà kejì tó dájú ni mo tẹ̀ lé: ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ò sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ iwájú ò sí. Gbólóhùn tí mo gbé e lé ni kò jẹ́ òótọ́ mọ́, torí gílóòbù tó ti jó kì í tàn, iná ì báà dé nígbà mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé ata tó ti jẹrà lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ kúnná, ata jíjẹrà kúnnákúnná náà lẹ máa gbé bọ̀ wálé. Lọ́jíìkì ò mọ̀ ju lílọ̀ lọ. Yíyan ata kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń tú ilé ká ni ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, mo sì fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Olúkúlùkù wa ló gba ẹyọ àbùdá ẹ̀jẹ̀ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó gba A àti A ni AA, ẹni tó gba A àti S ni AS, ẹni tó gba S lọ́tùn-ún lósì ni SS, òun ni àìsàn fọnífọníìkú (sickle cell) ń bá jà. Gbólóhùn kan péré ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: bí ọmọ bá jẹ́ SS, bàbá rẹ̀ ní S lára, ìyá rẹ̀ sì ní S lára. Ẹ wo ohun tí a lè yọ nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ AA ò ní S lára. Nítorí náà, kò lè bí SS, ì báà jẹ́ AS ló fẹ́, ì báà jẹ́ SS. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ AS ń bá kiri nìyẹn tó fi ń béèrè "kí ni jẹ́nótáìpù ẹ?" kó tó béèrè orúkọ bàbá.

Ó wá kù sí ọwọ́ àwọn tó ń yí i padà. Wọ́n á ní, "Bàbá ní S, ìyá ní S, nítorí náà SS ni wọ́n máa bí." Rárá. Ògiri lanu, a ò tíì rí aláǹgbá. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Àwọn mìíràn gbọ́ "kan nínú mẹ́rin" yìí, wọ́n ní "a ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù á yè é." Oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n bí ọmọ mẹ́ta tí ọ̀kankan wọn kì í ṣe SS, tí wọ́n wá ń sọ pé irọ́ ni dókítà pa, àwọn kì í ṣe AS. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àǹfààní pé ọmọ kan ò ní jẹ́ SS jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún ọmọ mẹ́ta, 3/4 lọ́nà mẹ́ta, ó di 27 nínú 64. Ìyẹn lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ò jẹ yín ní àlàyé kankan.

Èyí tó burú jù ni ti ọkùnrin tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kọ AA, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ AS, tí ọmọ wọn wá jẹ́ SS. Ilé á dàrú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á ní: "AA kì í bí SS. Ọmọ yìí SS. Ọmọ yìí kì í ṣe tiẹ̀." Bí a bá wo bí wọ́n ṣe ń tò ó, kò sí ibi tí ó ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ohun tí wọ́n gbé e lé láì sọ ọ́ jáde: pé ìwé bàbá tọ̀nà, pé ìwé ọmọ tọ̀nà, pé òfin A àti S ò yẹ̀ níhìn-ín, àti pé ọkùnrin yìí ló ni oyún. Lọ́jíìkì sọ fún wa pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò lè jẹ́ òótọ́ papọ̀. Kò sọ èwo ló jẹ́ irọ́. Ẹbí ọkọ ló yan èyí tí wọ́n ti ní sínú tẹ́lẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ AA sí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sí ìgò yín. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára láìpẹ́, àyẹ̀wò rẹ̀ lè má sọ ti ara rẹ̀. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní thalassemia, tí òun àti S bá pàdé lára ọmọ, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe káàkiri lè kà á sí SS bí bàbá ò tiẹ̀ ní S rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi lọ́jíìkì tú ilé ká, kó kọ́kọ́ gbé bàbá, ìyá àti ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó máa ń tú àṣírí gbólóhùn kání, òun ni "àfi". Abala 131 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kò sẹ́ni tó lè díje fún ipò ààrẹ àfi bó bá ti pé iye ọdún kan. Ogójì ọdún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 35 ní 2018. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, àwọn kan sì ń sọ pé "bó o bá ti pé 35, o ti lè di ààrẹ." Abala kan náà tún béèrè pé kí èèyàn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti inú ìbí, kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kó sì ti kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ibi tí ẹ bá ti rí "àfi", ihò ara ògiri ni wọ́n ń sọ.

Kí n tó dìde, ẹ jẹ́ ká ṣe eré kan tí Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní London, gbé jáde ní 1966. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì. Lẹ́tà wà ní ojú kan káàdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà ní ojú kejì. Ohun tí ẹ ń rí báyìí ni E, K, 4 àti 7. Wọ́n ní: bí fáwẹ̀lì bá wà ní ojú kan, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló máa wà ní ojú kejì. Káàdì wo lẹ máa ṣí, àwọn wọ̀nyẹn nìkan, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ? Ẹ má sáré.

E àti 7 ni. E, torí bí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá ṣeé pín, irọ́ ni wọ́n pa. 7, torí bí fáwẹ̀lì bá sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, irọ́ náà ni. Káàdì 4 ò lè pa ẹnikẹ́ni lára: ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òfin ò bàjẹ́. Àwọn tó ń gbà á kì í sábà tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, àní láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Ní 1982, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Griggs àti Cox, gbé ìbéèrè kan náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Florida, ṣùgbọ́n wọ́n pa aṣọ rẹ̀ dà. Bí ẹnì kan bá ń mu bíà, ó gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 19 lọ, torí bẹ́ẹ̀ ni òfin ọtí ibẹ̀ rí nígbà náà. Káàdì mẹ́rin: ẹni tó ń mu bíà, ẹni tó ń mu kóòkì, ọmọ ọdún 16, ọmọ ọdún 22. Ta lẹ máa yẹ̀ wò? Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà á: ẹni tó ń mu bíà àti ọmọ ọdún 16. Àwọn tó gbà á ò yọ ẹni ọdún 22 lẹ́nu. Ètò kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀ kankan, àfi pé tọ̀tún jẹ́ lẹ́tà, tòsì jẹ́ ọtí.

Èmi fúnra mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé káàdì Wason síwájú mi, E àti 4 ni mo nàka sí, mo sì jiyàn fún bíi ìdajì wákàtí.